Ẹni t'ó mọ nọ́ńbà kọ̀ǹpútà kò mọ yàrá onítọ̀hún o!

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìmọ̀kan-àìmọ̀kàn ní í mú ẹ̀kúté ilé pe ológbò níjà. Àìmọ̀kan yìí náà ni gbájú-ẹ̀ fi ń gba owó l'ọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ gbèsè. Wọn á pe ìyá oníkòkó tàbí télọ̀ l'órí fóònù: "A ti rí IP address yín, a ti mọ ilé yín. Ẹ tètè fi owó ránṣẹ́ kí ọlọ́pàá tó dé!" Àyà onítọ̀hún á já, owó á sì lọ. Irọ́ gbuu ni!

Kí ni IP address gan-an? Àdírẹ́sì ni. Lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì kò lè dé ibi tó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tó bá fẹ́ gba nǹkan l'órí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín in sí, bíi 192.168.1.5, kò sì sí ọ̀kan tó lè ju 255 lọ nínú wọn. Gbogbo rẹ̀ l'ágbàáyé lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù mẹ́rin. Nígbà tó di 2011, àká tí wọ́n ti ń pín in gbẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo èyí tó gùn jù ú lọ, IPv6, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń pín ẹyọ kan lò.

Ẹ wo agbo ilé. Orúkọ kan ni ará ìta mọ̀, ṣùgbọ́n yàrá pọ̀ nínú rẹ̀. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, nọ́ńbà yàrá ni. Àìmọye ilé ló ní irú rẹ̀. Ráútà ni baálé tó jókòó s'ẹ́nu ọ̀nà, tó ń gba ẹrù wọlé fún oníyàrá. Orúkọ agbo ilé nìkan ni ará ìta ń rí. Ó tilẹ̀ lè kọ Èkó fún ẹni tó jókòó s'ábẹ́ Òkè Ìdànrè!

Nọ́ńbà yìí kì í sì í dúró s'ójú kan. Nígbà tí àwọn ará Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè láyé òyìnbó, èèyàn kan náà ni wọ́n, ibùgbé ló yí padà. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ṣì wà n'íbẹ̀ tó ń jẹ́rìí. Ẹni tó bá kúrò l'órí Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù bọ́ s'órí data, bẹ́ẹ̀ ló rí: fóònù kò yí, àdírẹ́sì ló yí.

Ẹni tó bá fẹ́ rí tirẹ̀ l'órí kọ̀ǹpútà Windows, kó tẹ cmd s'íbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, kó tẹ Enter, kó wá kọ ipconfig, kó tún tẹ Enter. Iwájú IPv4 Address ni yóò ti rí i. L'órí ọ̀pọ̀ fóònù Android, inú Settings, lábẹ́ About phone, ló wà. Bó bá jẹ́ 169.254 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kọ̀ǹpútà kò rí nọ́ńbà gbà l'ọ́wọ́ ráútà nìyẹn. Kí oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kọ́kọ́ pa ráútà, kó tún un tàn, kó tó sanwó fún atúnkọ̀ǹpútà-ṣe.

Ta ló wá lè mọ ẹni tó ni nọ́ńbà? Ilé-iṣẹ́ tó ń ta data ló ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015 ní kí wọ́n pa á mọ́ fún ọdún méjì, kí wọ́n sì fún agbófinró bí wọ́n bá béèrè. Kí àwọn ọmọ Yahoo gbọ́ o! Ṣùgbọ́n àjèjì orí fóònù kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ l'ọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ti rí IP address yín, ẹ jẹ́ kó máa wò ó. PIN báńkì àti nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sí fóònù ni kọ́kọ́rọ́ àpótí owó. Ẹ má gbé ìyẹn fún ẹnikẹ́ni, ìbáà pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá ọlọ́pàá!