Ẹ̀jẹ̀ Inú Ìgbẹ́ Kì í Ṣe Jẹ̀díjẹ̀dí Nìkan

Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni ọ̀rọ̀ ìdí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti sin àbúrò mi nítorí ìtìjú yẹn, n ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá bá ìgbẹ́ ènìyàn wá nílẹ̀ wa, orúkọ ti wà nílẹ̀ dè é: jẹ̀díjẹ̀dí. Wọ́n á ní ohun dídùn ló pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Alágbo á bu kọ́ọ̀bù kan fún un ní gáréèjì. Oṣù méje ni àbúrò mi, tó ń ṣe wẹ́dà, fi mu àgbo náà. Á sáré dé ṣáláńgá, díẹ̀ ni yóò jáde, á sì tún máa ṣe é bíi pé kò tíì tán. Ihò mẹ́ta ló fi fún bẹ́líìtì rẹ̀ sí i. Níbi tó kọ́kọ́ lọ fún ìtọ́jú, wọ́n ní ìgbẹ́ ọ̀rìn ni, wọ́n kọ oògùn fún un. Kò sẹ́ni tó wọ ìbọ̀wọ́ láti fi ìka yẹ ìdí rẹ̀ wò. Nígbà tí ìka dókítà fi máa kan kókó líle inú ìdí rẹ̀, jẹjẹrẹ ni, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Ọmọ ọdún 38 ni.

Nígbà tí Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tó ti ṣiṣẹ́ ní Uganda, kọ ọ́ ní 1971 pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá ṣọ̀wọ́n ní Áfíríkà, ó ní torí pé à ń jẹ oúnjẹ tí eèrí rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ni. Gbogbo wa gbára lé e. Àmọ́ láti ìgbà náà, àwọn oníṣẹ́ abẹ Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé jẹjẹrẹ náà ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ní i kò tíì pé ọdún 50. Ìfun ìdí ló ti wọ́pọ̀ jù lára wọn, ìka sì lè dé ibẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Irú tó ń da ikun, tó máa ń yára tàn kálẹ̀, sì pọ̀ láàrin tiwa ju ti òyìnbó lọ.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní ìdí rẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí wọ́n fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n tó kọ oògùn kankan. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà kan kò wọ́n.

Òfin 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kó san owó àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n bá gé lára kókó aláìsàn. Orí fíríìjì ìyàwó àbúrò mi ni ìgò fọ́máléènì wà fún ọjọ́ mọ́kànlá, pẹ̀lú ẹran ara ọkọ rẹ̀ nínú, nígbà tí obìnrin náà ń wá owó àyẹ̀wò kiri.

Ẹ̀yin alágbo, mi ò bá yín jà. Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ọkùnrin kò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀. Bí oníbàárà yín bá padà wá pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ kan náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bu kọ́ọ̀bù kejì. Ẹ ní kó lọ sí ilé ìwòsàn, kó sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ìka yẹ òun wò.