Ọ̀sẹ̀ Méjì Kò Tó Láti Wo Ọmọ

Ní ọdún 1853 ni Anna Hinderer àti David ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì, ibi tí kò jìnnà sí Ọjà'ba. Kò pẹ́ tí olóyè kan fi fa ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé ìyàwó òyìnbó náà lọ́wọ́. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn, ilé sì kún. Nígbà tí Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, tí ọ̀nà etíkun dí, ebi pa ìyá àti ọmọ pọ̀. Ọdún 1869 ni àìsàn tó lé e padà sílé pátápátá. Iṣẹ́ ẹ̀sìn ni ó bá wá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó dúró.

Àwọn àlejò òde òní ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò nílé ọmọ aláìlóbìí. Wọ́n á gbé ọmọ mọ́ra, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á wọ bàálù. Ọmọ tí a ti kọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á tún máa wo ọ̀nà. Abájọ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi rọ àwọn ìjọba ní 2019 pé kí wọ́n dènà ìpalára tí irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń ṣe.

Káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà nírú ilé wọ̀nyí ni òbí wọn ṣì wà láàyè. Òṣì ló yà wọ́n. Owó bàálù àlejò kan tó ìyá kan ní Bẹẹrẹ fi ṣòwò, kí ọmọ rẹ̀ má kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá sì fẹ́ wá dandan, kí ó wá kọ́ àwọn olùtọ́jú tí yóò kù sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá lọ.