Òkúta Tí A Kò Gùn

Ní Sátidé tó kọjá, a kó àwọn ọmọ wọ trotro ní Kumasi, a gba ọ̀nà Kuntanase, a sì sọ̀kalẹ̀ sí Abono, létí adágún Bosomtwe. Kò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ.

Òkè ló yí adágún náà ká bí ọgbà. Kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ló tò ó. Òkúta ńlá kan ló já láti ojú ọ̀run ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn, ó gbẹ́ kòtò tí fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 10, omi sì kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá òkúta tí àwọn ará àtijọ́ fi ọwọ́ ara wọn tò yípo, Wassu ní Gambia ni kí ẹ lọ. UNESCO fi ibẹ̀ àti ti Senegal kún ogún àgbáyé ní 2006.

Létí omi ni òkúta Abrodwum wà. Akọ́bí wa, ọmọ ọdún 11, ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí ó lè gùn ún. Ó ní, "Ẹ yà mí ní fọ́tò!" Bàbá apẹja kan rọra dá a dúró, ó fi Twi ṣàlàyé pé ojúbọ ni.

Orúkọ adágún gan-an sọ ọ́: "bosom" ni òrìṣà, "ɔtwe" ni ẹtu. Ìtàn wọn ni pé ọdẹ kan ta ẹtu lọ́fà, ẹtu náà sá wọ inú omi. Èèwọ̀ àtijọ́ ni kí irin kan omi yìí, ìdí nìyí tí àwọn apẹja fi ń jókòó sórí pákó tí wọ́n ń pè ní padua, tí wọ́n ń fi ọwọ́ tu omi.

Ọmọ wa bi wá pé, "Ẹ kò kúkú sin òrìṣà wọn. Kí ló dé tí a ó fi bẹ̀rù òkúta wọn?"

A ní ìbẹ̀rù kọ́, ọ̀wọ̀ ni. A bi í pé bí àlejò bá gun Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ifẹ̀ nítorí fọ́tò ńkọ́? Ó ní, "Inú á bí bàbá àgbà gan-an."

Fún àwa Yorùbá Kumasi, ọ̀rọ̀ yìí ju fọ́tò lọ. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ 2 péré láti kúrò. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Ọ̀wọ̀ kò lè dá irú òfin bẹ́ẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ìjọba ló ń ṣòfin. Aládùúgbò ni a ń bá gbé lójoojúmọ́. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran, àfi tó bá béèrè.

Nítorí náà, kí ẹ tó kó ọmọ lọ síbi àtijọ́ kankan, ẹ kọ́ wọn ní ìbéèrè kan: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni èèwọ̀ ibí?" Ọmọ wa béèrè. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ́ kí a yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀.