Èkù Tó Bá Ọwọ́ Mu

Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọ̀bẹ tí a rà lọ́jà Ìdó-Èkìtì lè mú, ṣùgbọ́n bí èkù oníke rẹ̀ bá ń yọ̀ nígbà tí a ń bẹ iṣu, ewu ni. Ẹ fi aṣọ di ojú rẹ̀, kí ẹ yọ ike náà, kí ẹ sì fi igi líle tó gbẹ gbẹ́ èkù tó kún ọwọ́ yín. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ pọ́n ọn, ẹ máa rì í bọ omi lemọ́lemọ́. Irin tó bá gbóná títí tó fi di aláwọ̀ aró ti rọ̀. Kò ní mú pẹ́ mọ́. Ìrè-Èkìtì, ìlú Ògún, kò jìnnà sí wa: iná tó ń rọ ọ̀bẹ náà ló ń bà á jẹ́.