Ẹ Jẹ́ Kí Á Máa Ṣe Pàṣípààrọ̀ Ìwé

Ọ̀rọ̀ owó oṣù kọ́ ni a bá wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìwé ni.

Ní 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ ahunṣọ rí iléèwé lọ. Ìwé tí wọ́n rà fún àwa tí a tẹ̀ lé wọn ńkọ́? Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà, ikán ń jẹ ẹ́. Aládùúgbò wa sì ń wá Aláwìíyé kiri ọjà fún ọmọ rẹ̀, owó kò tó.

Ní 2009, Todd Bol ní ìlú Hudson, ní Amẹ́ríkà, gbé àpótí ìwé síwájú ilé rẹ̀ láti fi rántí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́. Mú ọ̀kan, fi ọ̀kan sílẹ̀. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ayé. Ní Ìsẹ́yìn tiwa, Dókítà Wálé Òkédìran dá ilé àwọn òǹkọ̀wé Ebedi sílẹ̀ ní 2010. Bí òǹkọ̀wé bá lè ti òkèèrè wá bá wa, kí ló dé tí ìwé kò lè ti ilé kan dé èkejì?

A fẹ́ kí a kan àpótí kan sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kan sí gáréèjì. Dírẹ́bà tó ń retí tọ́ọ̀nù rẹ̀ lè kàwé dípò ayò (a kò bá ayò jà o). Kí a ki ẹsẹ̀ àpótí bọ agolo ọ́ìlì mọ́tò nítorí ikán.

Àwọn kan ní wọn yóò jí ìwé. Ẹni tó jí i yóò kà á ni. Ẹni tí yóò fi di ẹ̀pà ni kí a ṣọ́.

Ní ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, kí oníkálukú mú ìwé kan wá.