Ẹ Mú Ọmọ Dání Lọ Sọ́jà

Ẹ̀yin òbí Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù, ẹ gbọ́ o! Ọjà tí ẹ fẹ́ ná lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dá a ná. Ẹ mú ọmọ dání, kí ẹ sì fi owó lé e lọ́wọ́.

Ọ̀nà ọjà la tẹ̀dó sí. Títì Òṣogbo sí Ọ̀fà là wá láàárín, ojú irin tó wọ Òṣogbo ní 1907 sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sókè. Ojoojúmọ́ ni oúnjẹ ń kọjá níwájú àwọn ọmọ wa, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò gàrí kan. (Bàbá tí kò mọ̀ ọ́n náà wà, ẹ jẹ́ ká fi bò.)

Ata ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún ọmọ ní ẹgbẹ̀rún náírà, kí ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ pa ẹnu mọ́. Kó kí ìyá aláta, kó tú ata inú abọ́ wò, torí èyí tó ti rà kì í sábà wà lókè. Bí wọ́n bá pè é ní ẹgbẹ̀rin, kó ná an ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Nídìí gàrí, kó tẹjú mọ́ kóńgò: ṣé wọn ò ti lu ìdí rẹ̀ wọnú? Kó tó kúrò níbẹ̀, kó tọrọ èènì.

Níbi tí ẹ bá ti ń ná ọjà ọrọọrún, òun ni kó ka ọjọ́ fún yín. Ọjà tí a ná lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì la ó tún ná an, nítorí a máa ń ka òní mọ́ ọn.

Mi ò ní kí ẹ gbé igbá lé ọmọ lórí o. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ti kọ fífi ọmọ kiri ọjà lójú títì. Rírà ni mo wí. Ẹ má sì fi ọmọkùnrin sílẹ̀ sílé. Òun náà ń jẹun.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, a bẹ̀ yín. Bí ọmọdé bá dúró níwájú àtẹ yín, ẹ má wò ó kọjá kí ẹ máa bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá ná an ní ìnákúnàá, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ dá a lóhùn.

Bí ẹ bá délé, kó ṣírò rẹ̀ fún yín: iye tó gbà, iye tó ná, iye tó kù. Ṣéńjì yẹn, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjà tó ń bọ̀ ló máa fi ná.