Géèmù Tí A Rà Tí Kì Í Ṣe Tiwa

Káàdì géèmù Nintendo Switch korò. Kì í ṣe àsọdùn. Nígbà tí ẹ̀rọ náà jáde lóṣù kẹta ọdún 2017, àwọn tó fi ahọ́n kan káàdì rẹ̀ ké gbàjarè, ilé-iṣẹ́ náà sì jẹ́wọ́ pé ńṣe làwọn mọ̀ọ́mọ̀ fi denatonium benzoate kùn ún. Kẹ́míkà yìí korò débi pé ewúro tí wọn kò fọ̀ á dà bí oyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Káàdì náà kéré, ọmọdé lè gbé e mì. Bó bá ti kan ahọ́n rẹ̀ báyìí, yóò tu ú dànù.

Ohun tí ọmọdé lè tu dànù, àgbàlagbà lè dì í mọ́wọ́. Ó lè yá aládùúgbò rẹ̀. Ó lè tà á bó bá sú u. Ó lè jù ú sínú àpótí kí àbúrò rẹ̀ wá bá a níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Géèmù tí wọ́n dáńlóòdù kò korò, kò dùn, kò ṣeé dì mú, bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n ń dá lé e sábà máa ń bá ti káàdì dọ́gba. Ibi tí ọ̀ràn wà gan-an nìyẹn: owó ọjà ni wọ́n ń gbà, yíyá ni wọ́n ń yáni.

Èdè Yorùbá kì í da méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ra ilé kì í ṣe ayálégbé. Ẹni tó háyà àga àti kánópì mọ̀ pé bí òde bá ti parí, ọkọ̀ máa wá kó o. Oníkánópì kò sì ní dá iye tí kánópì tuntun ń lọ lé oníbàárà rẹ̀, kó wá tún sọ fún un pé, "Ẹ ṣeun tí ẹ ra ọjà lọ́wọ́ wa." Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn lójoojúmọ́.

Ẹ̀rọ géèmù alágbèéká kò bẹ̀rẹ̀ báyìí rárá. Gunpei Yokoi, ẹni tó ṣe Game & Watch fún Nintendo lọ́dún 1980, ló ṣíwájú àwọn tó ṣe Game Boy, èyí tó jáde ní Japan lóṣù kẹrin ọdún 1989. Ìlànà ọkùnrin yìí ni pé kí wọ́n mú ohun èlò tó ti pẹ́ lọ́jà, tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n lò, tí owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀, kí wọ́n wá fi dá àrà tuntun. Nítorí náà ojú Game Boy kò ní ju oríṣi àwọ̀ ewé mẹ́rin lọ, látorí èyí tó mọ́ dórí èyí tó ṣú. Kò ní iná. Ẹni tó bá fẹ́ gbá géèmù lálẹ́ á wá abẹ́ gílóòbù jókòó sí. Àwọn abánidíje rẹ̀ ní iná, wọ́n ní àwọ̀: Atari Lynx jáde lọ́dún kan náà, Game Gear ti Sega tẹ̀lé e lọ́dún 1990. Ṣùgbọ́n bátìrì mẹ́fà ni Game Gear ń lò, kì í sì í tó wákàtí mẹ́fà tó fi máa ń jẹ wọ́n tán. Mẹ́rin ni ti Game Boy, wọ́n sì ń gbé e ju wákàtí mẹ́wàá lọ. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì àti rédíò lásán ni, irú èyí tí ìyá aláté ń tà ní ìkóríta. Ẹ̀rọ tí wọ́n fojú di yìí ló fọwọ́ rọ́ àwọn yòókù sẹ́yìn. Òun àti àbúrò rẹ̀, Game Boy Color, tà ju mílíọ̀nù 118 lọ.

Ọ̀kan nínú wọn wà nínú àpótí gíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ṣọ́ọ̀bù Nintendo ní New York. Ogun Gulf ló bá a nínú bárékè, bọ́ǹbù balẹ̀, iná jó o. Ike ara rẹ̀ yọ́, ó dúdú, ó wú bí búrẹ́dì tí wọ́n gbàgbé sínú ààrò. Síbẹ̀ Tetris ń lọ lójú rẹ̀. Kò béèrè àkáǹtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì béèrè bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.

(Àwọn tó jẹ́ ọmọdé ní Nàìjíríà nígbà yẹn mọ ẹ̀dà Tetris tó jẹ́ tiwọn: ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní Brick Game, tí wọ́n kọ "9999 in 1" sí lára. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á á rí i pé ẹyọ géèmù díẹ̀ náà ni wọ́n ń yí po. Ìrẹ́jẹ nìyẹn náà, àmọ́ ó kéré tán, ẹ̀rọ náà di tẹni tó rà á.)

Àní ohun èlò àfikún ayé ìgbà yẹn, ọmọ ènìyàn ló ń so pọ̀ mọ́ra. Nígbà tí géèmù Pokémon jáde fún Game Boy ní Japan lọ́dún 1996, ẹ̀dà méjì ni wọ́n gbé e jáde, àwọn ẹranko kan sì wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo wọn jọ gbọ́dọ̀ wá ọ̀rẹ́ tó ní èkejì, kí wọ́n fi okùn so ẹ̀rọ wọn pọ̀, kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ wá fi èyí wé PS Vita, ẹ̀rọ alágbèéká ti Sony. Sony kò jẹ́ kó gba mẹ́mọ́rì káàdì tó wà káàkiri ọjà. Tiwọn nìkan ló ń gbà. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà lọ́dún 2012, 250 dọ́là ni ẹ̀rọ náà, nǹkan bí 100 dọ́là sì ni káàdì 32GB. New Nintendo 3DS XL ní tirẹ̀ wọ ọjà Amẹ́ríkà lọ́dún 2015 láìsí ṣájà nínú páálí. Ẹ̀rọ tó ń lo iná láìní ṣájà!

Ṣùgbọ́n PSP Go ló kọ́kọ́ já aṣọ lójú eégún. Nígbà tó jáde lọ́dún 2009, Sony ti yọ ojú ibi tí PSP ti ń gba díìsì kúrò pátápátá, wọ́n ní kí gbogbo géèmù máa gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rin ra díìsì kò rí ibi tì wọ́n sí. Ọjà kọ̀ ọ́, wọ́n sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró lọ́dún 2011. Ẹ̀rọ yẹn kú, àmọ́ èrò tó bí i kò kú.

Lóṣù kẹta ọdún 2021, Sony kéde pé àwọn máa ti ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì ti PS3 àti ti Vita. Ariwo ta, wọ́n sì yí ohùn padà lóṣù tó tẹ̀lé e. Nintendo ní tiwọn kò yíhùn padà: ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2023 ni títà parí lórí 3DS. Wọ́n gbà kí àwọn tó ti rà máa dáńlóòdù tiwọn padà, àmọ́ wọn kò dá ọjọ́ tí ìyẹn náà máa dópin. Ará Amẹ́ríkà kan tí ọ̀rọ̀ náà ká lára ra gbogbo ohun tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù 3DS àti Wii U kí wọ́n tó tì í; owó tó ná lé ní 22,000 dọ́là. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Video Game History Foundation gbé ìwádìí jáde pé nínú 100 géèmù tó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 2010, 87 ni kò sí lórí àtẹ mọ́. Ti ìdílé Game Boy tún burú jùyẹn lọ, nǹkan bí 6 péré nínú 100 ló kù.

Àwọn tó fẹ́ràn dáńlóòdù ní ẹjọ́ tiwọn, ẹjọ́ náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni méjì tó jókòó sínú yàrá kan lè ṣe géèmù kí wọ́n sì tà á káyé láìsan owó kásẹ́ẹ̀tì. Kásẹ́ẹ̀tì náà kì í wà títí ayé: bátìrì tó pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì Pokémon àtijọ́, bó bá sì ti kú, gbogbo ibi tí ọmọ gbá a dé bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọ̀nà àti jó òjé lè pààrọ̀ bátìrì yẹn. Kò sẹ́ni tó lè jó òjé mọ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tì.

Ìjọba Kalifọ́níà gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 2025 sọ pé ẹni tó bá ń lo ọ̀rọ̀ bíi "rà" fún irú ọjà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ kedere pé àṣẹ ìlò lásán lòun ń fúnni. Ó dára, àmọ́ kò tó. Lọ́dún yẹn kan náà ni Nintendo gbà kí ènìyàn máa yá ará ilé rẹ̀ ní géèmù tó dáńlóòdù, fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, lẹ́yìn èyí tí yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà. Káàdì kan sì tún wà fún Switch 2 tí kò sí géèmù kankan nínú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ lásán ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni géèmù fúnra rẹ̀ wà. Ohun tó yẹ kí òfin béèrè ni pé kí ẹni tó bá ń yáni gba owó yíyá, kí ẹni tó bá sì gba owó ọjà jẹ́ kí ọjà náà ṣeé tà, kó ṣeé fi tọrẹ, kó ṣeé jogún.

Ẹni tó bá ra 3DS tòkunbọ̀ lónìí, ì báà jẹ́ ní Ìkẹjà tàbí ní Peckham, yóò rí àwòrán àpò kékeré kan lójú rẹ̀ tó dúró fún ṣọ́ọ̀bù. Bó tẹ̀ ẹ́ tí ọwọ́ bó, kò sí nǹkan tó lè rà níbẹ̀. Àmọ́ bí kásẹ́ẹ̀tì bá bá a wá, yóò tì í bọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí yóò fi dún pọ́, géèmù á sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọmọ tó kọ́kọ́ ni ín gbá a dé, pẹ̀lú orúkọ ọmọ náà lókè.